Bátìrì Alámì Pupa

"Wọ́n ní… èmi náà kàn gbọ́ ọ ni o… obìnrin kan tó ń rọbí ní Àkọ̀wọ́njọ́, nírọ̀lẹ́ àná… wọ́n ní tọ́ọ̀ṣì yẹn ló…"

Tòún ò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wá fa àga oníke tó jókòó lé sún mọ́ tábìlì Hamdalah. Ìbòrí fóònù àti okùn ṣájà ni Tòún ń tà ní tiẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì ni Hamdalah ń tà, tó sì tún ń tún ṣe. Ìsọ̀ àwọn méjèèjì fara kanra lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìgándò, débi pé bí ọ̀kan bá húkọ́, èkejì ni yóò ní pẹ̀lẹ́.

"Tọ́ọ̀ṣì wo?" ni Hamdalah béèrè. Irin gbígbóná tó fi ń yọ́ òjé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ní àwọn oníná mú iná lọ, ló bá di tọ́ọ̀ṣì… ibi tí ìyá agbẹ̀bí ti ń… ni tọ́ọ̀ṣì náà bá lọ. Ẹ̀jẹ̀ sì ti ń… Ọkọ obìnrin náà ti ń kiri, ó ń béèrè pé ta ló… Hamda, ṣé kì í ṣe ìwọ lo tún tọ́ọ̀ṣì Màmá Matilda agbẹ̀bí ṣe lọ́jọ́ Alàmísì?"

Irin náà yọ̀, ó fẹnu kan àtàǹpàkò Hamdalah. Kò pariwo. Ó ki ìka náà bọnu, ó ń mu ún bí ọmọ ọwọ́, ó sì ń mi orí pé òun ò rántí. Ṣùgbọ́n ó rántí. Láti ìgbà tí Tòún ti dárúkọ Àkọ̀wọ́njọ́, kò sí nǹkan mìíràn láyé tó tún rántí mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló lẹ́nu láti béèrè: ṣé obìnrin náà kú ni? Tòún sọ èjìká. Ó ní ẹni tó sọ ọ́ fún òun kò dúró parí ẹ̀, pé ìyá oní-píọ̀wọ́tà ló sọ ọ́, ẹnu onímárúwá lòun náà sì ti gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ò lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, èyí rìn ju ẹni tó gun ọ̀kadà lọ. Nígbà tí ìyá oní-píọ̀wọ́tà fúnra rẹ̀ kọjá, ìbejì ni obìnrin náà bí. Nígbà tí télọ̀ òdìkejì títì gbà á lẹ́nu rẹ̀, ṣọ́jà ni ọkọ rẹ̀. Kí omi tí Hamdalah gbé kaná fún gàrí tó hó, ṣọ́jà náà ti ra epo bẹntiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì, ó sì ti ń wá ìsọ̀ tí wọ́n ti ta tọ́ọ̀ṣì fún Màmá Matilda. Hamdalah da omi náà nù.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ju kẹ́ẹ̀gì lọ ni pé ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Bó bá jẹ́ irọ́ pátápátá ni, ì bá rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló mọ ibi tí òótọ́ rẹ̀ wà.

Bàbá rẹ̀, Àlàájì Jàfárù, ló kọ́ ọ níṣẹ́, nínú yàrá, lórí ẹní, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ti ń jókòó síwájú baba, tí ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún un, tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Bí oníbàárà bá dé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè nílé wọn kì í ṣe iye tó fẹ́ ná. Wọ́n á ní, "Iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ẹni tó fẹ́ fi wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, iná ilé ni tiẹ̀. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé, awakọ̀ tó ń rìnrìn àjò, agbẹ̀bí: iná iṣẹ́ ni ti àwọn wọ̀nyẹn. Àwọn ọmọ ààtàn a máa tú bátìrì jáde lára kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́, wọn a kó o wá fún àwọn aṣàtúnṣe. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ iye èémí tó kù nínú rẹ̀. Baba a máa fi ọ̀dà ìkánná pupa sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí. Alámì pupa kì í wọ iná iṣẹ́. Bí wọ́n bá sì tún tọ́ọ̀ṣì iṣẹ́ tán, wọ́n á tàn án sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀wà kaná. Bí ẹ̀wà bá jinná tí iná náà ṣì dúró digbí, oníǹkan lè wá mú un. Mítà tí wọ́n fi ń wọn iná lè sọ pé bátìrì yó. "Ẹni tó ń kú lọ náà lè wúwo lórí òṣùwọ̀n," ni baba máa ń sọ. "Ẹ̀wà ni kó o bi."

Lọ́jọ́ Alàmísì, òjò rọ̀ láti òwúrọ̀. Ẹni tó máa ń gbé bátìrì tuntun wá kò wá. Màmá Matilda sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìsọ̀, aṣọ rẹ̀ tutù, ó gbé tọ́ọ̀ṣì ńlá rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń pe Hamdalah ní ọmọ mi, ó ń yìn ín pé òun sọ fún gbogbo àwọn tó ń bá òun ṣiṣẹ́ pé ọmọbìnrin kan wà ní Ìgándò tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Hamdalah kì í lè wo ojú àgbà kó ní rárá. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, ojú sì tún ń tì í ju bí wọ́n ṣe tọ́ ọ lọ. Ó yíjú sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpótí. Ó mú bátìrì alámì pupa méjì, ó fi bíléèdì ha ọ̀dà orí wọn kúrò. Ó gbé wọn lé mítà. Mítà ní wọ́n yó. Ó tan tọ́ọ̀ṣì náà, ó mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán. Màmá Matilda bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan kó tó dìde, Hamdalah sì fi irọ́ dá a lóhùn. Kò gbé ẹ̀wà kaná.

Ó ṣì ń ronú báyìí nígbà tí baba kan tó ń ṣọ́ ilé-ìwé kan dé iwájú tábìlì. Ó ní òun ń fẹ́ tọ́ọ̀ṣì, kó mú èyí tó mọ́lẹ̀ jù fún òun.

Hamdalah dìde. Ẹnu rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà láìsí òun. Ó bi baba náà léèrè iṣẹ́ tó fẹ́ fi ṣe, ó sì sọ fún un pé èyí tó mọ́lẹ̀ jù kọ́ ló dára jù fún ẹni tó ń ṣọ́nà di òwúrọ̀, nítorí ohun tó bá ń jẹun púpọ̀ kì í pẹ́ tí ebi fi ń pa á. Ó ti mẹ́ta bọ inú páálí dúdú tí wọ́n gé ihò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí oòrùn kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ iná tó dára lójú títì, ó ní kí baba yọjú wo inú rẹ̀.

Baba náà ní èyí tó wà lọ́wọ́ òun tẹ́lẹ̀ wá ńkọ́, tí kì í tàn àfi bí òun bá gbá a létí. "Bí ìyàwó mi ṣe ń ṣe sí mi náà nìyẹn," ó ní, "ṣùgbọ́n èmi máa ń tàn."

Lọ́jọ́ mìíràn, Hamdalah ì bá fi híjáàbù bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ó ṣí tọ́ọ̀ṣì ògbólógbòó náà. Sípíríìnì ìdí rẹ̀ ti dípẹtà, omi funfun ti jáde lára bátìrì tó wà nínú rẹ̀. Ó fi bébà oníyanrìn nù ún títí irin fi yọjú. Ó ṣàlàyé fún baba pé gbígbá létí kì í wo àìsàn rẹ̀, pé kí ó má fi bátìrì sínú tọ́ọ̀ṣì tó gbé jù sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kí ó má sì pa àlòkù pọ̀ mọ́ tuntun, nítorí èyí tó ti kú yóò máa mu ẹ̀jẹ̀ èyí tó wà láàyè.

"Èyí tuntun tí mo fẹ́ mú yìí," ni baba náà béèrè, "ṣé kò ní já mi kulẹ̀?"

Ó jẹ́ ìbéèrè tí gbogbo oníbàárà ń béèrè. Hamdalah ní kí baba má bínú, kó jẹ́ kí òun tàn án sílẹ̀ títí di ọ̀sán, kó padà wá. Baba náà wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ó ní òun ò rí òǹtajà tí ń lé owó padà rí, ó sì lọ.

Kò tíì pẹ́ tí baba náà yẹsẹ̀ tí ọ̀kadà kan fi dúró gbọnrangandan síwájú ìsọ̀. Ọkùnrin mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀, ó ń ka pátákó ìsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Hamdalah kò mọ ìgbà tí òun dé abẹ́ tábìlì. Ó ká orúnkún mọ́yà láàárín páálí, ó ń ka Àyátù Kúrsìyyù, ó ń ṣì í, ó ń tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbọ́ òórùn bẹntiróòlù, bẹ́ẹ̀ ọ̀kadà wo ni kì í rùn ún? Ó gbọ́ tí Tòún ń sọ pé ẹni tó ń ta tọ́ọ̀ṣì kò wá lónìí. Ó gbọ́ tí ọkùnrin náà ní tọ́ọ̀ṣì kọ́ lòun béèrè, ìbòrí fóònù ni.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Tòún bẹ̀rẹ̀ wò ó lábẹ́ tábìlì. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ní, "Hamda, kí lo ṣe gan-an?"

Hamdalah jáde lábẹ́ tábìlì. Ó kó àwọn tọ́ọ̀ṣì sínú àpótí bí ẹni tó ń kó ọmọ sá ogun, ó yí pátákó tó ní orúkọ rẹ̀ dojú bolẹ̀, ó sì gba ojú ọ̀nà ilé lọ.

Baba rẹ̀ jókòó sórí ẹní níwájú yàrá wọn, ó na ẹsẹ̀, bùùtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Awọ funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tíì fọ́jú. Ó ń tú tọ́ọ̀ṣì kékeré kan palẹ̀ láìwò ó.

"O tètè dé," ni baba wí. "Wọn ò tíì kírun Ọ̀sán."

Hamdalah kúnlẹ̀ kí i. Ó fẹ́ sọ pé orí ń fọ́ òun. Baba na ọwọ́ gba ọwọ́ rẹ̀, bó ti máa ń ṣe, ó sì di ọwọ́ náà mú pẹ́.

"Ta ló ń lé ọ?"

"Kò sẹ́nì kankan, Bàbá."

"Ọwọ́ rẹ ò sọ bẹ́ẹ̀."

Ló bá sọ ọ́. Ó sọ ọ́ láti òjò ọjọ́ Alàmísì dé abẹ́ tábìlì, ó ń sọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára ẹní. Baba kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó parí, ó bi í bóyá àmì pupa wà lára bátìrì náà. Hamdalah ní ó wà.

"O ò rí i ni?"

"Mo rí i, Bàbá. Mo fi bíléèdì ha á kúrò."

Baba gbé tọ́ọ̀ṣì kékeré náà sílẹ̀. Ì bá sàn kó nà án. Ó ka Ìnnáà Lílláhì lábẹ́ èémí, ó wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan tí Hamdalah kò gbọ́ rí, ní gbogbo ọdún tó ti ń jókòó tì í.

Ó ní nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun ta tọ́ọ̀ṣì kan fún ọlọ́dẹ kan. Ìdí gílóòbù rẹ̀ tú, òun sì mọ̀. Òun fi bébà sìgá há a, òun gba owó. Iná náà ṣẹ́jú nínú igbó, ọlọ́dẹ náà já sí kòtò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Bí òun ti gbọ́, òun wọkọ̀, òun sá lọ sí Ìbàdàn. "Oṣù mẹ́jọ ni mo fi sá. Nígbà tí mo padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti san. Ó ń rìn, ó ń ṣọdẹ. Ṣùgbọ́n títí ó fi kú, kò kí mi mọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ò bínú nítorí ẹsẹ̀. Ó ní, 'Mo sùn sínú kòtò mọ́jú, mo ń rò pé ẹni tó ta iná yẹn fún mi, bó bá gbọ́, á wá bẹ̀ mí wò.'"

Hamdalah ń sunkún. Ó ní àwọn èèyàn ní epo bẹntiróòlù wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó bẹ baba pé kó jẹ́ kí àwọn jọ lọ.

"Mi ò ní bá ọ lọ," ni baba wí. "Bí mo bá bá ọ lọ, irùngbọ̀n mi ni wọn ó máa wò, ìwọ ó sì sá sábẹ́ rẹ̀. Dìde, kó tó di pé àwọn ló wá ọ wá."

Ó gbàdúrà fún un. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó tún pè é padà, ó ní bí wọ́n bá nà án, kó má sá. Bí wọ́n bá bú u, kó má fèsì. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n nígbà tó ń sọ ọ́, Hamdalah sì mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba baba náà.

Ó wọ ọkọ̀ kòrópe dé Ẹgbẹ́dá, ó tibẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Àkọ̀wọ́njọ́. Àárín ìyá méjì ló bọ́ sí. Kẹ̀kẹ́ ò tíì rìn jìnnà tí èyí tó wà lápá ọ̀tún fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n ti mú ẹni tó ta tọ́ọ̀ṣì náà. Ní Ìyànà Ìpájà ni wọ́n ti mú un, ó ti wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí ìlú wọn, ó sì fi ìborùn bojú. Ìyá apá òsì ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò bẹ̀rù Ọlọ́run, pé kéèyàn ta tọ́ọ̀ṣì ayédèrú fún agbẹ̀bí, ó burú ju kí èèyàn yọ̀bẹ sí aboyún. Ó wá yíjú sí Hamdalah, ó ní, "Àbí ìwọ ò tíì gbọ́ ni, ọmọ yìí?"

"Mo ti gbọ́, mà," ni Hamdalah wí.

"Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ti mú un?"

Hamdalah ní òun ò mọ̀. Ó rọra fa híjáàbù rẹ̀ síwájú. Kẹ̀kẹ́ náà há, ìgbáròkó àwọn ìyá méjèèjì fún un mọ́ àárín, ooru wọn ń bá a lára, ó sì ń rò ó pé bí wọ́n bá mọ̀, kò síbi tí òun máa gbà jáde. Ó ní kí onímárúwá já òun sílẹ̀ kó tó débi tó ń lọ. Ó fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Ní oríta kan ó dúró, ó wo ọ̀nà tó padà sí Ìyànà Ìpájà. Owó ọkọ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́ wà nínú báàgì rẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí òun mú un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yà sí ọ̀nà náà bí ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Ó wá rántí ọlọ́dẹ tó sùn sínú kòtò, ó sì yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù tó ń bà á kò dín rárá.

Géètì aláwọ̀ ewé ni ti ilé Màmá Matilda. Nọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìn tì ni, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gbẹ̀bí ní àdúgbò náà. Aṣọ funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ wà lórí okùn. Hamdalah rí i pé àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ kò tíì jáde tán lára ọ̀kan. Ó kágò. Ohùn rẹ̀ kò dé ibì kankan. Ó tún kágò.

Yàrá àlejò ni Màmá Matilda jókòó sí, kò wé gèlè, irun orí rẹ̀ funfun. Ọkùnrin kan dojú kọ ọ́ lórí àga, ọkùnrin gíga, iná wẹ́dà ti jó àpá kéékèèké sí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì láti ọrùn ọwọ́ dé igúnpá. Kì í ṣe ṣọ́jà. Kò sí kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ojú ẹni tí kò sùn. Lórí tábìlì tó wà láàárín wọn ni tọ́ọ̀ṣì ńlá náà wà, wọ́n ti ṣí ìdí rẹ̀.

Hamdalah kúnlẹ̀ síbi tó dé. Ọ̀rọ̀ tó ti ń tò láti Ìgándò sá lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Ohun tó rí sọ ni, "Màmá, obìnrin náà ńkọ́?"

Màmá Matilda wò ó pẹ́. Ó ní obìnrin náà wà láàyè, Abigail lorúkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ nìyí, Káyọ̀dé. Ó ní ọmọ ti wálẹ̀ dáadáa, obìnrin, ó ti ké. Ibi tí ìyá ti ya lòun ń wá láti rán, tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, ni àwọn oníná mú iná. Tọ́ọ̀ṣì tàn. Kí ènìyàn tó ka Baba Wa Tí Ń Bẹ ní Ọ̀run lẹ́ẹ̀mejì, ó ti pupa, ó sì lọ. Òun fi ọwọ́ di ibẹ̀ mú nínú òkùnkùn, òun ń pe ẹni tó bá ní fóònù, ilẹ̀kùn sì wà ní títì nítorí àwọn ọmọdé. Wọ́n gbé Abigail dé ọsibítù. Wọ́n ti fa àpò ẹ̀jẹ̀ méjì sí i lára. Ó ti sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n dókítà ní kí wọ́n ṣì máa wò ó.

Hamdalah fi iwájú orí kanlẹ̀. Kò mọ̀ bóyá Alihamdulílàhi ni òun ń sọ tàbí ẹkún ni.

"Ta nìyí?" ni Káyọ̀dé béèrè.

Kí Hamdalah tó gbórí sókè, Màmá Matilda ti fèsì. "Ọmọ tó tún tọ́ọ̀ṣì náà ṣe ni. Kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Ó kìlọ̀ fún mi pé bátìrì àlòkù ni, pé kí n ní sùúrù di ọjọ́ kejì. Èmi ni mo ní kó fi sí i bẹ́ẹ̀."

Hamdalah gbójú sókè. Ojú ìyá àgbà náà ń bá a sọ̀rọ̀, ó ṣe kedere bí ìgbà tí ìyá bá ṣẹ́jú sí ọmọ níwájú àlejò: dákẹ́, èmi ti gbé ayé mi tán, ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀, àyà rẹ̀ sọ̀. Ilẹ̀kùn ti ṣí. Kò sí ohun tó kù tó máa ṣe ju kó dákẹ́ lọ, ìdákẹ́ sì ni iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé.

Káyọ̀dé kò pariwo. Ohun tó sọ ṣe jẹ́jẹ́, òun ló sì burú jù. Ó ní òun ò wá jà. Ó ní Màmá yìí ló gbẹ̀bí òun fúnra òun, ìdí nìyẹn tí òun fi gbé ìyàwó òun wá síbí. Ó ní gbogbo òru lòun ti ń gbè é lẹ́yìn níwájú àwọn ẹbí ìyàwó òun, pé kò sí ohun tí Màmá mọ̀ tí kò ṣe.

"Ẹ wá mọ̀, Màmá," ó ní. "Ẹ mọ̀ pé àlòkù ni, ẹ sì mú un wọlé tọ ìyàwó mi."

Màmá Matilda gbé ọwọ́ lé itan. Káyọ̀dé dìde. Ó ní láti òní lọ, òun máa sọ ọ́ láti ilé dé ilé ní àdúgbò yìí, kí aboyún kankan má ṣe tún gba géètì yẹn wọlé. Ọgbọ̀n ọdún ń lọ lójú Hamdalah bí omi tó ń jò nínú agbè. Ó rí i tí ọwọ́ ìyá náà, ọwọ́ tó fi di ẹ̀jẹ̀ mú nínú òkùnkùn, bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n lórí itan rẹ̀.

Káyọ̀dé gba iwájú Hamdalah kọjá, ó wá dúró. Ó wo orí rẹ̀ tó tẹ̀ ba.

"Ìwọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí? Kí lo sọ fún Màmá lọ́jọ́ náà? Sọ ọ́ fún mi bó o ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́."

"Káyọ̀dé, fọmọ sílẹ̀," ni Màmá Matilda wí.

Ọwọ́ alápàá iná náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú Hamdalah, ó tóbi, ó ṣí sílẹ̀. Kó sáà fi orí sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, òun á sì padà sílé láìfarapa. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀ mú, bí ẹni pé ilẹ̀ náà fẹ́ sá, ó sì gbé ojú sókè wo ọkùnrin náà.

"Màmá bi mí pé ṣé bátìrì tuntun ni," ó ní. "Mo ní, 'Tuntun ni, Màmá. Mo ti dán an wò. Ẹ lè fi ẹ̀mí ènìyàn lé e lọ́wọ́.'"